Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́fà Lẹ́nu Ọ̀nà

Nínú àkọsílẹ̀ tí Postfix, ètò tó ń gba ímeèlì tó sì ń fi í jíṣẹ́, máa ń ṣe lórí server, ọ̀rọ̀ kan wà tí ojú mi kì í fò kọjá: PREGREET. Bó ṣe máa ń jáde nìyí:

PREGREET 11 after 0.23 from [192.0.2.44]:50211: EHLO User\r\n

Àpẹẹrẹ ni nọ́ńbà àdírẹ́sì tí mo fi síbẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ ẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n irú ìlà yìí máa ń tẹ̀ lé ara wọn gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ tó bá ń gba ímeèlì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà kan kàn sí server láti ìta, kí wọ́n sì tó kí i tán, ó ti sọ̀rọ̀. 0.23 ni ìwọ̀n sùúrù rẹ̀, kò tó ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan. 11 ni iye àmì tó tú jáde: mẹ́rin fún EHLO, àlàfo kan, mẹ́rin fún User, àti méjì tí ojú kì í rí tó ń parí ìlà. Postfix ò tíì ka ọ̀rọ̀ kankan nínú lẹ́tà tí àlejò náà gbé wá. Kò mọ̀ bóyá oògùn ni ó ń tà ni o, tàbí ó fẹ́ sọ fún akọ̀wé owó pé nọ́ńbà àkáǹtì oníbàárà ti yí padà. Síbẹ̀, ó ti mọ irú ẹni tó dúró síta, bí ẹni tó ni server bá sì ti fún un láṣẹ, kò ní jẹ́ kí ó wọlé.

Wietse Venema, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló kọ Postfix. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ń fi ímeèlì rẹ̀ jẹun ò gbọ́ orúkọ náà rí. Bí ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tàbí ní Bódìjà bá ń lo ètò ímeèlì tó ń jẹ́ Zimbra, Postfix ni ó ń gbé lẹ́tà wọn kiri nísàlẹ̀. Mo fẹ́ kí a wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí dáadáa, nítorí mo gbà pé bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ààbò tòótọ́ jẹ́ fún okòwò, inú irú iṣẹ́ báyìí ni a ti lè rí i.

Ímeèlì ní òfin ìbánisọ̀rọ̀ tirẹ̀, SMTP ni orúkọ rẹ̀, Jon Postel ló sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1982, nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní RFC 821. Ẹni tó mú lẹ́tà wá á kàn sí server, á sì dákẹ́. Server ni yóò kọ́kọ́ kí i, nọ́ńbà 220 ló sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìkíni náà. Ìgbà tí wọ́n bá kí àlejò tán ni á tó dárúkọ ara rẹ̀. Á wá sọ ẹni tó rán an, á sọ ẹni tí wọ́n rán an sí, wọn á sì máa dá a lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó tó gbé lẹ́tà fúnra rẹ̀ kalẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, àlejò ló ń ké àgò, kí onílé tó dáhùn pé àgò yà. Nínú SMTP, onílé ló ń kọ́kọ́ lanu. Ohun kan náà ni àṣà méjèèjì wà fún: kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki orí bọ yàrá olóhun láìjẹ́ pé ó dúró gbọ́ ohùn onílé.

Àwọn tó ń rán ímeèlì pàǹtírí ò ní àyè irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ti orí ẹ̀rọ àwọn oníjìbìtì gan-an wá. Orí kọ̀ǹpútà àwọn aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ló ti ń wá, èyí tí fáírọ́ọ̀sì ti sọ di ẹrú, tí ẹni tó ni ín ń fi wo bọ́ọ̀lù tàbí ń fi kọ iṣẹ́ iléèwé láì mọ̀ pé ó ń rán lẹ́tà lọ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ kí wọ́n tó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí a kò gbọ́dọ̀ gbà, nítorí náà kíákíá ni ó gbọ́dọ̀ rán èyí tó bá lè rán. Ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan tó bá fi dúró, àdánù ni. Ìdí nìyí tí ẹni tó kọ fáírọ́ọ̀sì náà kì í fi kọ́ ọ láti dúró gba ìkíni.

Ẹ wá wo ibi tí Venema ti rí àyè. Òfin SMTP sọ pé ẹni tó gbé lẹ́tà gidi wá gbọ́dọ̀ lè dúró fún ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó kí i. Server ilé ìfowópamọ́, ti yunifásítì, ti oníbàárà tó fẹ́ ra ọjà, gbogbo wọn ni wọ́n ti kọ́ láti dúró bẹ́ẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 5 ti ọmọlúàbí àti ìkánjú ẹrú fáírọ́ọ̀sì, àyè gbòòrò wà, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Nínú Postfix 2.8, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2011, Venema fi ètò kékeré kan síbẹ̀ tó ń jẹ́ postscreen. Ìṣẹ́jú àáyá 6 péré ló ń lò. Bí ó ti ń dúró, kò káwọ́ gbera: ní àsìkò kan náà ni ó ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ìwé àdírẹ́sì oníjàǹbá bóyá orúkọ àlejò yìí wà níbẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù lọ ni ọ̀nà tó gbà ń dúró. Òfin gba server láyè láti kí àlejò pẹ̀lú ìlà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìkíni bá ṣì ń bọ̀, àmì dáàṣì ni yóò tẹ̀ lé 220. Bí ó bá ti parí, àlàfo ni yóò tẹ̀ lé e. postscreen á fi ìlà àkọ́kọ́ ránṣẹ́, èyí tó ní dáàṣì, á sì dákẹ́. Ẹni tó mọ òfin á rí dáàṣì náà, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu onílé, á sì ní sùúrù. Ẹni tó kọ́ ìṣe rẹ̀ nípa ká wò ká ṣe, tó kàn ń retí 220 tí kò sì wo àmì kẹrin, á fò mọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Àmì kan ṣoṣo, tó ti wà nínú òfin láti 1982, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, ni Venema mú tó fi ya olè sọ́tọ̀ kúrò lára oníbàárà. Kò ṣẹ̀dá òfin tuntun, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni tún ètò ímeèlì rẹ̀ kọ. Òfin tó wà nílẹ̀ ló kà ju bí àwọn mìíràn ti kà á lọ.

Bí àlejò bá yege, postscreen á gbé e fún ètò tó ń gba lẹ́tà, á sì rántí orúkọ rẹ̀ kó má bàa dá a dúró mọ́ nígbà tó bá tún padà wá láìpẹ́. Àǹfààní èyí fún okòwò hàn gbangba. Iye ètò tó lè máa bá àlejò sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní òpin. 100 ni Postfix máa ń fún un bí a kò bá yí i padà. Bí àwọn ẹrú fáírọ́ọ̀sì bá gba àyè 100 náà, ìta ni lẹ́tà oníbàárà máa wà. Ẹ̀dà postscreen kan ṣoṣo ni yóò máa wo gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí àyè 100 náà á sì wà lọ́wọ́ fún àwọn tó yẹ.

Ẹ̀kọ́ físíìsì ni Venema kà ní Yunifásítì Groningen títí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, kó tó lọ máa bójú tó kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Eindhoven. Ní nǹkan bí ọdún 1990, ẹnì kan ń já wọ àwọn kọ̀ǹpútà náà léraléra. Bó bá ti wọlé, ó máa ń gba àṣẹ root, ìyẹn àṣẹ tó ju gbogbo àṣẹ lọ lórí ẹ̀rọ. Nígbà mìíràn á wá tẹ rm -rf /, àṣẹ kúkurú tó ń pa gbogbo fáìlì rẹ́. Wọ́n ń dá iṣẹ́ padà láti orí téèpù, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tí olè náà ti ń wá. Ohun tí Venema ṣe kéré dé ibi tó ń yani lẹ́nu. Ó gbé ètò tó ń dá àwọn ará ìta lóhùn kúrò ní ipò rẹ̀, ó sì fi ètò kékeré kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kàn sí i, ètò kékeré yìí á kọ ibi tí onítọ̀hún ti wá sílẹ̀, á pe ètò gidi wá sẹ́nu iṣẹ́, á sì yọ ara rẹ̀ kúrò. Kò fọwọ́ kan ètò àtijọ́ rárá, olè náà ò sì lè mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà. TCP Wrapper ni wọ́n wá ń pè é, Venema sì kọ̀wé lórí rẹ̀ fún ìpàdé USENIX lórí ààbò ní 1992. Ẹni tó bá wo TCP Wrapper ti rí ìwà Postfix ṣáájú kí wọ́n tó bí Postfix: kí ètò kan ṣe ohun kan, kí ó ṣe é tán, kí ó sì kúrò lọ́nà.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, Sendmail tí Eric Allman kọ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ímeèlì ayé. Ètò ńlá kan ṣoṣo ni. Òun ló ń bá ará ìta sọ̀rọ̀, òun ló ń tò lẹ́tà, òun náà ló ń fi jíṣẹ́, àṣẹ root sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ ní ìgbà tí àwọn tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ara wọn tán, èmi kì í sì í bá àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1988, Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ ní Cornell, tú ètò kan sílẹ̀ tó ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tó gbà tàn ni àyè kan nínú Sendmail tí wọ́n ń pè ní DEBUG, níbi tí àlejò ti lè kọ àṣẹ sí ojú ibi tó yẹ kí ó kọ orúkọ ẹni tó ni lẹ́tà. Ètò tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àlejò náà ló ní agbára, kò sì sí nǹkan kan láàárín etí àti ọwọ́.

Àárín etí àti ọwọ́ yìí ni Venema fi Postfix kún. Ó kọ ọ́ nígbà tó wà ní ilé ìwádìí Thomas J. Watson ti IBM ní ìpínlẹ̀ New York, ó sì fi í síta ní oṣù kejìlá ọdún 1998 lẹ́yìn tí orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ jẹ́ VMailer. Dípò ètò ńlá kan, ọ̀pọ̀ ètò kéékèèké ni. smtpd ń bá àlejò sọ̀rọ̀. cleanup ń tún orí lẹ́tà ṣe, ó sì ń kọ lẹ́tà sórí dísìkì. qmgr ń pinnu èyí tí yóò lọ báyìí àti èyí tí yóò dúró. smtp ń gbé e jáde lọ sí ọ̀dọ̀ server mìíràn. local ń fi í sínú àpótí ẹni tó ni ín. bounce ń kọ̀wé padà sí ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ kò jíṣẹ́. Ètò kan tó ń jẹ́ master ló ń pè wọ́n jáde, tó sì ń ka iye wọn.

Ẹ wo bó ṣe pín agbára. smtpd tó ń kojú ìgboro kò ní àṣẹ pàtàkì kankan. A tilẹ̀ lè tì í mọ́ inú ibi kan lórí dísìkì tí kò ti ní rí ìyókù ẹ̀rọ. local nílò agbára, torí ó gbọ́dọ̀ lè kọ nǹkan sínú àpótí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n local kì í kojú ìgboro. Olè tó bá fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gba smtpd yóò kàn rí i pé ọwọ́ òun ṣófo ni. Bó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ local, ó gbọ́dọ̀ tún ṣẹ́gun cleanup, kí ó tún ṣẹ́gun qmgr, àwọn wọ̀nyí kì í sì í gba ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu smtpd ju ìwọ̀nba tí iṣẹ́ wọn béèrè lọ.

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, Venema sì kọ ètò rẹ̀ bí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀. Postfix kì í gba fáìlì tí òun fúnra rẹ̀ kọ sórí dísìkì gbọ́ láì yẹ̀ ẹ́ wò, kì í sì í gba iṣẹ́ tí ètò rẹ̀ kan rán sí èkejì gbọ́ bẹ́ẹ̀. Àyè tí ọ̀rọ̀ ń gbà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà ń gbòòrò bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn tó, kí ọ̀rọ̀ àlejò má bàa kún àkúnwọ́sílẹ̀ sórí ohun mìíràn, èyí tó jẹ́ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ olè fi ń wọlé nígbà náà. Ìlà tó bá gùn jù, ó ń gé e sí ọ̀nà. Ẹ̀dà ètò kọ̀ọ̀kan kì í sì í pẹ́ láyé: bí ó bá ti ṣe iṣẹ́ 100, tàbí tó jókòó fún ìṣẹ́jú àáyá 100 láìríṣẹ́ ṣe, á kú, òmíràn á sì jí bí iṣẹ́ bá dé. Àṣìṣe tó bá ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ á bá a lọ.

Bí a bá ń yin ọgbọ́n ìfura yìí, ó rọrùn láti gbàgbé pé wọ́n kọ Postfix kí lẹ́tà lè jíṣẹ́ ni. Ìṣọ́ra tó wà níbẹ̀ kò kéré sí ti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí cleanup bá ń kọ lẹ́tà sórí dísìkì, fáìlì náà kò tíì ní àmì pé ó pé. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bá ti wọlé ni cleanup á fi àmì sí i lára, á sì dúró kí dísìkì jẹ́rìí pé òun ti gbé e mì. Irú àmì wo? Àmì àṣẹ tí Unix ń fi sára ètò tó ṣeé mú ṣiṣẹ́, èyí tí lẹ́tà kò nílò fún ohunkóhun. Venema mú un lò nítorí pé ó wà níbẹ̀ lófo. Bí iná ọba bá lọ láàárín, tí kọ̀ǹpútà kú, nígbà tó bá jí, fáìlì tí kò ní àmì náà ni lẹ́tà tí a kò gbà tán, fáìlì tó ní in, tó sì pé, ti di ti Postfix. Lẹ́yìn èyí nìkan ni smtpd á tó sọ fún àlejò pé 250, mo ti gbà á, èyí ni nọ́ńbà rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó di ojúṣe Postfix láti fi lẹ́tà yẹn jíṣẹ́ tàbí kí ó sọ fún olówó rẹ̀ pé kò ṣeé ṣe. Oníṣòwò tó ń retí ìwé àdéhùn kan lè má mọ̀ nípa àmì yìí láé, orí rẹ̀ ló sì ń jókòó lé.

Bí ibi tí lẹ́tà ń lọ kò bá ṣí sílẹ̀, Postfix á dúró fún ìṣẹ́jú 5 kó tó tún gbìyànjú, á máa fi ìdúró náà gùn sí i títí dé 4000 ìṣẹ́jú àáyá, kì í sì í sọ̀rètí nù kí ọjọ́ 5 tó pé. Bí lẹ́tà púpọ̀ bá sì ń lọ síbì kan náà, kì í ya bo onílé: 5 ló fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá rí i pé ibẹ̀ gbà á, á fi kún un.

Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ò ṣàìní àléébù. Ní 2011, Venema fúnra rẹ̀ rí àléébù kan nínú Postfix. Nígbà tí àlejò bá sọ pé kí àwọn méjèèjì bọ́ sínú ọ̀rọ̀ bòńkẹ́lẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní STARTTLS, ó yẹ kí ohun gbogbo tí wọ́n sọ ṣáájú di ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan tó wà lójú ọ̀nà bá ti ki ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ìdí àṣẹ náà, ọ̀rọ̀ náà á wà nípamọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọn á sì wá gbà á bí ẹni pé inú bòńkẹ́lẹ́ ni wọ́n ti sọ ọ́. Nígbà tí Venema mọ èyí, ó wòye pé kì í ṣe Postfix nìkan ni yóò ní i, àwọn tó ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ sì gbọ́ kí ọ̀rọ̀ tó di ti gbogbo ayé. Irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín oníṣẹ́ àti oníṣẹ́, mo kà á mọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Èyí tó tún le jù dé ní oṣù kejìlá ọdún 2023, nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ kan, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti sọ pé àwọn ò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ àwọn mọ́ títí ọdún tuntun. Àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ SEC Consult fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti fi lẹ́tà kan pamọ́ sínú ikùn òmíràn. Òfin ní àmì méjì ló ń parí ìlà, CR àti LF, àti pé ìlà tó ní àmì ìdánudúró nìkan ló ń parí lẹ́tà. Àwọn server kan, Postfix náà wà lára wọn, máa ń gba LF nìkan pẹ̀lú, torí àwọn ètò tí wọn ò kọ dáadáa. Àánú ni. Ṣùgbọ́n bí server kan bá ka ìlà kan sí àárín lẹ́tà, tí èkejì kà á sí òpin rẹ̀, oníjìbìtì lè kọ lẹ́tà kejì sí àárín àwọn méjèèjì, pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn lórí rẹ̀, tí á sì wọlé pẹ̀lú àdírẹ́sì server tí gbogbo ènìyàn gbà gbọ́.

Bí Venema àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe dáhùn ni kí a wò. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n fi àwọn ètò tó ti wà nílẹ̀ dí ihò náà fún ẹni tí kò lè yí ẹ̀yà rẹ̀ padà ní àsìkò ọdún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe àtúnṣe gidi, kì í sì í ṣe èyí tó kàn lé gbogbo ẹni tó ń lo LF nìkan dànù. Postfix 3.9, tó jáde ní 2024, ṣì ń gba ìlà bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé ó pé. Ṣùgbọ́n òpin lẹ́tà, bí òfin ṣe kọ ọ́ gan-an nìkan ni yóò fi gbà á. Ibi tí àánú ti lè di ihò nìkan ló ti yọ àánú kúrò. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kan ní ọ́fíìsì kan tó ń rán ìwé tó yà jáde gẹ́gẹ́ bí ímeèlì lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Postfix nìkan tó. Kì í dá ẹjọ́ ohun tó wà nínú lẹ́tà. Ó ń gbé ìyẹn fún Rspamd tàbí SpamAssassin, ó ń gbé ohun tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà fún ClamAV, àwọn mìíràn sì ń yẹ SPF, DKIM àti DMARC wò láti mọ̀ bóyá ẹni tó ní òun ló rán an ni ó rán an lóòótọ́. Ọ̀nà tó ń gbà bá púpọ̀ nínú wọn sọ̀rọ̀ ni milter, èyí tí àwọn Sendmail dá sílẹ̀. Venema kọ́ ọ sínú Postfix 2.3 ní 2006, àwọn Sendmail sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ fún un. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí, gbájúẹ̀ tó léwu jù fún okòwò wa lónìí ni èyí tó ń ti inú àpótí oníbàárà gidi tí wọ́n ti jí password rẹ̀ wá. Á fi sùúrù gba ìkíni, ìfọwọ́sí rẹ̀ á pé, á sì sọ pẹ̀lú ẹ̀tọ́ pé kí ẹ san owó ọjà sí àkáǹtì tuntun. Níbẹ̀, àfi kí akọ̀wé owó gbé fóònù, kí ó pe nọ́ńbà tó ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ràn jù nínú Postfix, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ààbò kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Postfix ti kọ̀ láti gbé lẹ́tà àjèjì lọ sọ́dọ̀ àjèjì. Server tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ kí ayé tó kọ lẹ́tà rẹ̀, tí lẹ́tà oníbàárà á sì há mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí ẹ̀ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ló ń kà sí ará ilé. Ní 1998, ìyẹn bọ́gbọ́n mu, torí ilé iṣẹ́ ẹni ló ni gbogbo wọn. Nígbà tí ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá ẹ̀rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ lè jẹ́ ti ẹni tí o kò mọ̀ rí. Nínú Postfix 3.0, ní oṣù kejì ọdún 2015, Venema yí èyí padà: ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ nìkan ló kù tó jẹ́ ará ilé.

Ẹlòmíràn ì bá yí i padà kó sì fi í síta bẹ́ẹ̀, kí lẹ́tà ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ dá dúró ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láìsí ẹni tó mọ ìdí. Venema fi ohun kan síbẹ̀ tó ń jẹ́ compatibility_level. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Postfix kalẹ̀ á rí èyí tó le gbà. Ẹni tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, tó sì gba ẹ̀yà tuntun, ti àtijọ́ ni á ṣì máa ṣiṣẹ́ fún un. Kìkì ìgbà tí lẹ́tà gidi kan bá kọjá nítorí ìlànà àtijọ́ náà ni Postfix á kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé ìlànà àtijọ́ ni òun lò, á dárúkọ ìlànà náà, á sì sọ ẹ̀rọ tí òun tìtorí rẹ̀ lò ó. Bí olùtọ́jú server bá ka àkọsílẹ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan, á ti mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka ìṣirò owó tó gbọ́kàn lé àyè àtijọ́, á kọ orúkọ wọn síbi tó yẹ, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn yòókù pẹ̀lú àṣẹ kan: postconf compatibility_level=2.